Omi Àlejò Tí Mo Fún Ásíìdì

Ayọ̀kànmí ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Sùúrùlérè? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ ṣọ́ ọ bọ̀. Ara mi le, àfi orúnkún.

Kẹ́ẹ̀gì ásíìdì tí o rà ní Sábó láti fi fọ ògiri ti dé, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti awò ojú ńlá yẹn. Mo kọ́kọ́ gbé awò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Bíbélì kò hàn nínú rẹ̀ rárá, ó kàn ń mú mi làágùn lójú ni.

O mọ̀ pé àwọn òbí Jael àfẹ́sọ́nà rẹ ń bọ̀ wá wo ilé wa, bíríkì pupa tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ kí ó tó kú sì ti yọ iyọ̀ síta, ó funfun bí ẹni hu ewú. Màmá Ọmọ́táyọ̀ tí ilé wa kọjú síra ní ta ni yóò fa ọmọ rẹ̀ lé irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ni mo bá pè ọ́ lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara ẹni, o wá ń pariwo pé etí mi nìkan lò ń rí. Ṣebí etí la fi ń gbọ́ fóònù, kí ni o fẹ́ fi ojú mi ṣe? O ní kí n kọ́kọ́ bu omi sínú ike, kí n wá máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, n kò gbọdọ̀ da omi lé ásíìdì lórí láé. Mo ní Èkó ti gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. Nínú omi àti ásíìdì, ta ló ti ọ̀nà jíjìn wá? Àlejò la sì ń fún lómi! Mo da ásíìdì sínú ike, mo bu omi lé e lórí tayọ̀tayọ̀. Yéè! Ó ń hó kutukutu, ó ń ta sókè, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ awò àti ìbọ̀wọ́ tí o fi dandan mú mi wọ̀, ìró mi nìkan ló jó. Mo sáré dé ìdí kànga, n kò rántí orúnkún.

Nígbà tí ọkàn mi balẹ̀, mo ṣe é bí o ṣe wí. Ìta gbangba ni mo dúró sí, mo kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, omi ṣáájú, ásíìdì tẹ̀lé e. Mo fi omi rẹ ògiri, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo sì fi omi púpọ̀ ṣan án. Ayọ̀kànmí, pupa yẹn jáde! Àmì ìka bàbá rẹ hàn lára bíríkì kan. Mo gbọ́wọ́ lé e, mo sunkún.

Màmá Ọmọ́táyọ̀ ti wá ń bi mí bóyá ásíìdì ṣẹ́kù. Mo ní kí ó lọ ra awò tirẹ̀ ná.

Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹran tí a ó fi gba àwọn àna lálejò, àti ìró míì. Má fi sínú fóònù o, n kì í rí ibi tí wọ́n ń gbà yọ ọ́. Fi lé dírẹ́bà tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá lọ́wọ́.

Ojú kò ní tì ọ́ níwájú àna. Ìwọ náà yóò kọ́ ilé tìrẹ, wàá pẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ rẹ ni yóò sì bá ọ fọ̀ ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.