Àbàwọ́n Àárín Fọ́tò

Àbúrò mi Pẹ́pẹ́yẹ,

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí a tó kíra, nítorí mo mọ̀ ọ́: kí o tó ka lẹ́tà yìí dé ìdajì, wàá ti máa wá bírò tí wàá fi gbà mí nímọ̀ràn. Fi bírò sílẹ̀. Ó yá, mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ṣé ọkọ rẹ ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a gbọ́ ibi nípa ara wa. Ní tèmi, mo wà láàyè, ẹnu mi sì ń ṣiṣẹ́.

Ọkọ mi ṣì wà lórí ibùsùn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì dáhùn, ọ̀rọ̀ kan kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú ní balùwẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Mi ò fọkàn tán an. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ títí dọ̀sán nínú yàrá aláìsàn, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Àwọn àlejò náà kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn sinmi. Oníkálukú ló ní ìbátan kan tí irú àìsàn yìí ṣe rí, gbogbo wọn ló sì mọ ohun tó yẹ kí n ṣe.

Ọmọ mi obìnrin wá gbé kámẹ́rà kékeré kan dé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa fi ya nǹkan, ọkàn yín á balẹ̀." Mo wo ọmọ yìí títí. Ìgbà wo ni ọmọ ń ra nǹkan fún ìyá rẹ̀ láìnídìí? Mo ní wọ́n fẹ́ máa fi ṣọ́ mi ni, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ṣì ń gun àga láti nu òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kọjú rẹ̀ sí ògiri, mo fi aṣọ bò ó. Ìfura loògùn àgbà.

Ìbínú ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ lò ó. Àlejò kan dúró ní ìgbèrí ọkọ mi, ó ń mi orí, ó ní, "Ọkùnrin dáadáa ni nígbà ayé rẹ̀." Nígbà ayé rẹ̀! Bí ẹni pé a ti sin ín! Kámẹ́rà ló wà nítòsí ọwọ́ mi. Mo gbé e kí n má bàa gbé ohun tó wúwo jù ú lọ, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Aláǹtakùn kan ti ta òwú láti orí okùn ìsáṣọ dé ara ògiri, omi òjò sì tò sára òwú náà wínníwínní. Pẹ́pẹ́yẹ, èmi tí mo ti ń ránṣọ láti kékeré, mi ò tíì rí ẹni tó fa òwú tó gún báyẹn rí. Mo di ojú òsì, bí mo ti máa ń dì í tí mo bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mo fi ọ̀tún wo inú ihò kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé ojú kúrò, àyà mi tó ń lù kìkì ti rọlẹ̀.

Mo gbé e wọlé, mo fi gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà han ọkọ mi. Ó wò ó, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ òsì fún ọwọ́ mi pọ̀. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí mi ò kí ń jáde: ìgbín lórí òkúta, ewé tí kòkòrò ti jẹ lójú, ẹyẹ kékeré aláyà pupa tó máa ń wá mumi nínú ike wa. Òun ni ìtàkùrọ̀sọ tó kù fún àwa méjèèjì. Èmi á mú un wá, òun á fún ọwọ́ mi pọ̀.

Gíláàsì yẹn kéré jù fún un, ni mo bá gbé iṣẹ́ lọ fún ọkùnrin tó ń tẹ fọ́tò ní oríta. Rẹ́rìn-ín-díẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ nìyẹn. Ó kó fọ́tò fún mi. Mo di ojú òsì, mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ti ń yẹ ojú ìrán aṣọ wò. Àbàwọ́n dúdú ràkọ̀ràkọ̀ wà láàárín gbogbo wọn, bí ẹni fi ìka elépo tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Màmá, fọ́tò yìí mọ́ bí omi."

Mo ní, "Omi gọ́tà àbí omi mímu?"

Ó pe obìnrin kan tó wá ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹ rí àbàwọ́n?" Obìnrin yẹn ní òun ò rí nǹkan kan. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, láti ìgbà wo lẹ ti mọra?"

Ó nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àbàwọ́n ò kúrò. Ẹni tó bá fún ọ ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣebí ó ti mọ ẹ̀bi rẹ̀ ni? Mo pariwo pé bébà ìdọ̀tí ló ń tà. Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ ń yọ́ jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́." Mo ní orúkọ tó ti lábàwọ́n tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Mo délé, mo tẹ́ àwọn fọ́tò náà sórí tábìlì ìgéṣọ. Tí oníbàárà bá ní aṣọ òun ti lábàwọ́n lọ́wọ́ mi, mo máa ń dorí aṣọ náà kodò ni. Àbàwọ́n tó bá wà ní èjìká gbọ́dọ̀ bá aṣọ sọ̀kalẹ̀. Mo mú fọ́tò ẹyẹ aláyà pupa, mo di ojú òsì, mo dorí rẹ̀ kodò. Ẹyẹ fi orí dúró. Àbàwọ́n ò kúrò láàárín, ìrù kékeré tó kọjú sísàlẹ̀ lára rẹ̀ ò sì yí sókè. Mo fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹyẹ dùbúlẹ̀, àbàwọ́n ò mira. Mo wá la ojú òsì, mo di ọ̀tún. Àyà pupa ẹyẹ náà yọ kedere bí aṣọ tuntun.

Àṣé ihò kámẹ́rà tí mo ti ń nù lójoojúmọ́ kò dọ̀tí rárá. Lẹ́yìn náà mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo di ojú òsì. Mo rí ìrọ̀rí. Mo rí etí rẹ̀ méjèèjì. Ojú tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò rí i.

Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi lọ, kò sẹ́ni tó tì mí. Ọmọdébìnrin ni dókítà ọ̀hún, mo sì bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ní nǹkan kan ń jò lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀tún, òsì náà sì ti fẹ́ máa tẹ̀ lé e. Bí a bá tètè gún un lábẹ́rẹ́, ó lè dúró síbi tó dé. Bí a ò bá gún un, kò sí fọ́tò mọ́, kò sí ojú ènìyàn. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ ọ̀hún sí. Ó ní inú ẹyinjú ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní ojú ta ló kọ́kọ́ fi dánra wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gba obìnrin yẹn gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo fura sí àbàwọ́n yẹn ju òun lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Rẹ́rìn-ín-díẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ kí àwọn tó wà ní títì lè gbọ́: "Iṣẹ́ ọkùnrin yìí mọ́. Ojú tèmi ló lábàwọ́n." Ó sún àga sí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, kí n tẹ èyí tó tóbi fún Bàbá." Ẹyẹ náà ti wà lára ògiri báyìí, ó fẹ̀ tó ìrọ̀rí, ọkọ mi ò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Kí ohunkóhun tí o bá fi ojú rẹ méjèèjì wò máa dùn ọ́ wò. Kí ilé rẹ má ṣófo, kí orúnkún rẹ gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Bá mi kí ọkọ rẹ bó bá jí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn fi bó,

Ìyá Aránṣọ

Àfikún: Ó ku ohun kan, kí o má sì rò pé mo gbàgbé rẹ̀ ni. Níjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo sùn sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ, mo di ọwọ́ rẹ mú títí wọ́n fi gbé ọ wọlé. Nígbà tí o lajú, èmi lo kọ́kọ́ rí. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ yín ní gbèsè èyí." Mi ò bi ọ́ léèrè rẹ̀ rí. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gún mi lábẹ́rẹ́. Ọmọ mi á dúró ti bàbá rẹ̀. Ìwọ ni kí o wá di ọwọ́ mi mú. San gbèsè rẹ.