Mo Mú Bàbá Lọ Jẹun Lábẹ́ Àwòrán Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá lónìí.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n ni wọ́n ti ń sọ pé kí n fi àwòrán yíyà sílẹ̀, kí n wá jókòó sí ìsọ̀ abọ́ wọn ní ọjà Race Course. Dípò kí n máa bá wọn jiyàn nílé, mo mú wọn lọ jẹun ọ̀sán ní ilé oúnjẹ tó wà nínú ilé àwòrán, níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ mi kọ́.

Ọbẹ̀ ewúrẹ́ ibẹ̀ dùn, àmọ́ ẹran rẹ̀ kéré.

"Bàbá, mi ò ní lè jókòó sí ìsọ̀," mo ní. "Iṣẹ́ tí mo yàn nìyí."

Ara ògiri ni Bàbá ń wò, níbi tí obìnrin kan ti ń fẹ́ná nínú àwòrán.

"Ta nìyẹn?"

"Màmá àgbà ni. Bí mo ṣe rántí wọn nìyẹn."

Wọ́n tẹjú mọ́ ìyá wọn. Fùfú wọn tutù.

"O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa ya àwòrán èèyàn," ni wọ́n wá sọ. "Ṣùgbọ́n màá ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá máa tajà."

Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ yẹn náà tiẹ̀ fẹ́ jókòó sí ìsọ̀.

Nígbà tí a fẹ́ dìde, wọ́n fi Twi, èdè àwọn onílùú ibí, bi ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ wá pé ta ló ya àwòrán yẹn. Ó nawọ́ sí mi.

"Bàbá, ẹ ṣáà mọ̀."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni."