Ẹni Tó Kọ́ Mi Ní Bátìrì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìfaradà ọmọ tí kì í kọ̀wé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti Houston níbí. Ṣé ara Ìyá mi le? Ṣé orúnkún wọn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Fúnmi àbúrò mi ńkọ́? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kí ìwé ìròyìn gbé lẹ́tà yìí jáde ni, nítorí ìta gbangba ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Ooru ibí ò ṣeé fẹnu sọ. Kéèyàn tó rìn dé ìdí mọ́tò, ẹ̀wù á ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, yàrá kan ni mo gbà ní Gulfton, mi ò sì mọ ẹnì kankan. Ìjọ nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ẹnjiníà Akin.

Iléeṣẹ́ elépo ló ń bá ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Energy Corridor, ó kọ́lé sí Cypress, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Nígbà tó gbọ́ pé mo ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí òyìnbó kan ti fẹ́ ṣe mọ́tò oníbátìrì tí yóò sáré ju ti elépo lọ, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ìjọ. Ó bi mí bóyá wáyà gígùn ni a ó máa wọ́ tẹ̀lé e lórí fríwéè, ọ̀nà màrosẹ̀ ibí. Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà!

Ọ̀gá mi náà ò sàn jù ú lọ. Ó ra mọ́tò eré kan, ó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, ó wá to ẹgbẹẹgbẹ̀rún bátìrì kéékèèké sínú rẹ̀, irú èyí tó ń wà nínú láptọ́ọ̀pù. Kí n má purọ́, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó já lọ fìì, mo pariwo Jésù. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ńkọ́? Ó ku díẹ̀ kí àwọn olówó tó fẹ́ dáwó lé iṣẹ́ náà wá wò ó ní pápá eré mọ́tò, díẹ̀ nínú bátìrì náà kú. Ó ní ká fi tuntun dí àyè wọn, ká so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó ti gbó.

Bàbá mi, ara mi bù máṣọ. Mo rántí ìsọ̀ bátìrì yín létí títì Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹ ṣe máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bátìrì kọ̀ọ̀kan, tí ẹ ó ya èyí tó ń gbóná sọ́tọ̀. Mo rántí oníbàárà tí ẹ lé, tó ní kẹ́ ẹ so tuntun mọ́ ògbólógbòó fún òun. Ẹ ní ògbólógbòó á fa tuntun gbẹ. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá, ó sì bi mí níbo ni ìwé ẹ̀rí mi wà. Mo bá so wọ́n pọ̀ bó ṣe wí.

Ọjọ́ náà pé. Mọ́tò yẹn yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ̀ wẹ̀sì, èéfín yọ, ó kú sójú kan. Àwọn olówó tòun ti bàtà dídán wọn ló bá wa tì í. Ṣíọ̀!

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ní etí. A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, a sì ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é: a ṣáájì wọn kún, a fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a ṣa èyí tí iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kúrò, a wá to àwọn tí agbára wọn dọ́gba pọ̀, ẹgbẹ́ mọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí a padà sí pápá, lásán ni mọ́tò elépo ń sá tẹ̀lé e. Oníròyìn kan gbé kámẹ́rà sí mi lójú, ó bi mí ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, olùkọ́ yunifásítì.

Irọ́ gbuu. Ìwé mẹ́fà lẹ kà. Ojú ló tì mí, torí mo mọ̀ pé Ẹnjiníà Akin á wò ó. Fúnmi sọ fún mi pé ẹ wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè, Ìyá mi lẹ máa ń gbé fóònù fún.

Ẹnjiníà Akin ti wá ra mọ́tò oníbátìrì báyìí o! Ẹnu ọ̀nà ìjọ gan-an ló ń gbé e sí, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé òun ló bí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní àwọn tí ásíìdì ń jẹ lọ́wọ́ létí títì nílé ò lè lóye rẹ̀ láé. Mo pòṣé nínú, mo sì tún dákẹ́. Òun ò mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀, mo dákẹ́. Ta ló wá burú jù?

Nítorí náà, láàárọ̀ yìí, mo gba máíkì, mo ka gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí fún ìjọ. Bàtà ni Ẹnjiníà ń wò. Lẹ́yìn ìsìn, ó rọra wá bá mi, ó ní ṣé mo lè bá òun fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bátìrì mọ́tò òun wò. Ẹ wo ẹ̀dá!

Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ọwọ́ yín ò ní rọ. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, Fúnmi àti gbogbo ará ìsọ̀. Bí mo bá tún pè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ yín ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Kọ́lá, ọmọ oníbátìrì.