Joseph Bámijókò Jẹ́jẹ́ (1951–2025), Ọ̀gá Tí Kò Ṣe Fírídọ́ọ̀mù

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí Joseph Bámijókò sí, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1951, nínú agboolé Jẹ́jẹ́ ní Odò-Ọjà. Àgbẹ̀ kókó ni bàbá wa, Pa Jẹ́jẹ́. Monísọ́lá, ọmọ Èmùré, ni màmá rẹ̀, ìyàwó kejì. Màmá tèmi ni ìyáálé. Èmi Dayọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú. Ẹbí ní kí n sọ ìtàn yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá wa kẹ́dùn, torí èmi nìkan ló kù tó mọ ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n máa pè é ní "wọ́n" nínú ìwé. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ o. Ọmọ tí mo gbé kọ́ ọrùn lọ sóko, tó tọ̀ sí mi lára, "ó" ni mo máa pè é.

Ọdún 1958 ló wọ ilé ìwé. Bàbá wa ra bàtà fún un. Èmi, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi lọ tèmi, ìwé kejì ni mo sì ti dúró, torí oko ń wá ẹni tó máa ro ó. Joseph ka ìwé mẹ́fà tán, ó gbapò kìíní lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni bàbá wa pa adìyẹ fún un. Ọ̀kan nínú adìyẹ yẹn, tèmi ni.

Lọ́dún 1966, nígbà tí mo ti kúrò lóko tí mo ti di káfíńtà ní Ìgbàrà-Odò, bàbá wa fà á wá sọ́dọ̀ mi pé kó kọ́ṣẹ́, ọdún mẹ́rin. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dáa ju tèmi lọ. Ó ku oṣù mẹ́ta kó parí ni olówó kan wá láti Àkúrẹ́, ó ń wá ẹni tó máa ṣe ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tèmi, ó wo ti Joseph. Ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí ni mo fẹ́." Ti Joseph ló nàka sí. Joseph bá a lọ, kò padà wá parí oṣù mẹ́ta tó kù.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kì í di ọ̀gá láìṣe fírídọ́ọ̀mù. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló máa gbọ́wọ́ lé e lórí lójú ẹgbẹ́, á gbàdúrà fún un, á ní, "Mo dá ọ sílẹ̀." Tí kò bá ṣe é, òun kì í ṣe ọ̀gá, àwọn tó bá kọ́ náà kì í ṣe káfíńtà. Joseph mọ̀. Lọ́dún 1971 òun àti màmá rẹ̀ gbé obì, orógbó àti páálí bíà kan wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí lẹ́búlẹ́bú igi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Màmá rẹ̀ ní, "Dayọ̀, ọkọ mi, àbúrò rẹ ni, fojú fò ó." Mo ní, "Ẹni tí olówó Àkúrẹ́ ti sọ di ọ̀gá, kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ mi? Ẹ gbé bíà yín." Oṣù mẹ́ta yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ilẹ̀kùn ni.

Ọdún 1978 ló fẹ́ Wúràọlá, tíṣà, ọmọ Ìsẹ̀. Mo lọ síbi ìgbéyàwó, mo jẹun, mi ò jó. Ní 1983 ó dá sọ́míìlì sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ra lọ́rí mẹ́rin, wọ́n ń wá ra àga rẹ̀ láti Èkó. Ní 1996 wọ́n fi í jẹ bàbá ìjọ. Èmi tí mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, igbá ọrẹ ni mo ń gbé kiri títí dòní.

Ọdún 2012 ló wá ṣe èyí tó dùn mí jù. Ó ní òwò tó gẹ́ẹ́. Ó sọ sọ́míìlì di ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀fẹ́, fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré, títí dé Ògòtún: káfíńtà, wẹ́dà, télọ̀, kọ̀ǹpútà. Ó tan àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wọ̀ ọ́. Ìyáàfin Kẹ́mi, tó ni ilé búrẹ́dì ńlá ní Èmùré, fi tiẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wá kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n wá kọ JẸ́JẸ́ gàdàgbà sẹ́nu géètì. Ẹ gbà mí, orúkọ bàbá tèmi náà ni! Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ́ ẹ, káàdì ìdìbò nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí fún mi.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù àwọn ọmọ, Joseph kì í gbọ́wọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyáàfin Kẹ́mi á gbàdúrà lé gbogbo wọn. Àwọn èèyàn ń pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Èmi mọ ohun tó fà á, inú mi sì ń dùn.

Àfi lọ́dún 2023 tí ẹgbẹ́ àwa káfíńtà ní àwọn ò gba àwọn ọmọ náà. Wọ́n ní, "Oníbúrẹ́dì ló dá yín sílẹ̀, ẹ lọ máa yan búrẹ́dì." Ọmọ mọ́kànlélógójì, wọ́n mọ iṣẹ́, wọn ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Faith, ọmọbìnrin kan láti Àgbàdo tó mọ igi gbẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó padà lọ ń bá ìyá rẹ̀ ta epo.

Oṣù kẹjọ ọdún 2025, àìsàn ti mú Joseph. Wúràọlá dì í mú wá sílé mi. Obì, orógbó, páálí bíà. Kò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó kàn tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe nítorí tèmi mọ́. Àwọn ọmọ ni." Mo ní ìdí ń ro mí, kó padà wá lẹ́yìn ìkórè ìjọ. Ìdí kò ro mí. Mo kàn fẹ́ kó tún wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá 2025, kí ìkórè tó dé, ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

Ó fi Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àti Tóyìn, Ògoolúwa àti Fisáyọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí, Olúwanífẹ́mi àti Àdúràolúwa, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó fi àwọn mọ́kànlélógójì yẹn náà sílẹ̀. Ó fi èmi sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kì í dúró létí sàárè àbúrò, ẹ ò ní rí mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbọ́wọ́ lé pósí rẹ̀ lórí lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ káfíńtà, ẹ má tíì lọ, ẹ gbọ́ ohun tí màá sọ:

Joseph, ọmọ Monísọ́lá, mo ṣì ń jowú rẹ. Èrò tó wá sin ọ́ yìí, mi ò lè rí ìdajì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ṣẹ́, o sì mọ̀ ọ́n. Lójú Ọlọ́run, lójú ẹgbẹ́, mo dá ọ sílẹ̀ lónìí. Ẹni tó o bá kọ́, káfíńtà ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè mọ́. Ọwọ́ rẹ ti bọ́. Lọ sinmi. Sùn ire, ọ̀gá.