Ìlẹ̀kùn Kẹta Ọkọ̀ Kẹsàn-án

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹfà, 1998
Ìròyìn àdúgbò: ìyàwó Declan bí ọmọbìnrin lọ́jọ́ Ẹtì; Attracta ni wọ́n sọ ọ́. Àkọ́bí Philomena gbé tíṣà kan níyàwó. Ọpẹ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ síbí, mi ò tíì pé ọdún méjì ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkọ àti kíkà.

Fintan, ọmọ ọmọ mi, pè láti Dublin. Ó ń fi ike pẹlẹbẹ àti gúlù kọ́ àwòṣe kékeré ọkọ̀ èrò kẹsàn-án ti ojú irin wa, èyí tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́tàdínlógójì sẹ́yìn. Kò gùn ju bàtà mi lọ — ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Wàhálà rẹ̀: apá òsì nìkan ló wà nínú gbogbo fọ́tò tó rí. Ọdún méjì ló ti ń wá apá ọ̀tún. Mo ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin ló wà lápá ọ̀tún. Mo máa ń bá ìyá mi wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n téèpù kì í wọn ìrántí."

Ó dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8
Ilé adìyẹ Malachy!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Nígbà tí wọ́n ti ojú irin pa, wọ́n ta àwọn ọkọ̀ náà fún àwọn àgbẹ̀. Malachy aládùúgbò mi fi tirẹ̀ ṣe ilé adìyẹ. Mo lọ bá a. Ọ̀gbẹ́ni Adìyẹ (orúkọ tí mo fún un níkọ̀kọ̀) ní ó ti pẹ́ jù: òun ti fi ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń kó igi jọ fún iná Jòhánù Mímọ́, èyí tí à ń dá lọ́dọọdún fún ààbò ẹran ọ̀sìn. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni wọn yóò sun ún lórí òkè. Mo ní kó gbà á padà.

"Delia! Ta ló ń gba ohun tó ti ṣèlérí fún iná? Ṣé kí màlúù mi kú ni?"

Mo ní n kò mọ̀ pé ẹni tí kì í wá sí Máàsì bẹ̀rù tó báyìí. Ó ní iná kì í gbé igbá ọrẹ kiri.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mo rò ó. Igi ni iná ń fẹ́. Kì í béèrè igi wo. Kẹ̀kẹ́ onígi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Batty ọkọ mi máa ń fà ṣì wà lẹ́yìn ilé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo máa ń fọwọ́ kàn án bí mo bá ń sá aṣọ. Mo ní kí Malachy mú un fún iná dípò ọkọ̀ náà. Ó ṣí fìlà. Kò ṣàwàdà. Ó ní, "Batty ò ní bínú."

Mo po tíì fún un. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13
Fintan dé. Nọ́ńbà 9 jáde lábẹ́ ọ̀dà funfun. Ó ń fi téèpù wọn fèrèsé, adìyẹ ń ṣu sí i léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún. "Màmá àgbà, ìlẹ̀kùn mẹ́rin ni lóòótọ́! Ẹ dárí jì mí." Ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó!

Èmi ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ìlẹ̀kùn kẹta. Lẹ́tà yọ. Fintan fẹ́ kà á, mo ní kó panu mọ́. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. OBÌNRIN NÌKAN.

Mo jókòó sílẹ̀.

Ìyá mi ò mọ̀wé, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. A rò pé ìlẹ̀kùn tí wọ́n bá kọ nǹkan sí, ti olówó ni. Ọdún mọ́kànlá la fi ń kọjá níwájú rẹ̀, tí a ń lọ jókòó sórí pákó láàárín àwọn oníṣòwò màlúù àti èéfín páìpù wọn. Ìyá mi á máa wúkọ́ títí dé ọjà. Ìjókòó tìmùtìmù pupa sì wà nínú yàrá ìlẹ̀kùn kẹta yìí. Ó ṣì wà lábẹ́ ìgbẹ́ adìyẹ.

Malachy wo inú yàrá náà. "Delia, àwọn adìyẹ mi mọ̀wé jù ọ́ lọ! Àkùkọ kankan ò sùn níbẹ̀ rí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 24
Iná àná ga. Kẹ̀kẹ́ Batty jó dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 28
Lẹ́tà Fintan dé. Mo kà á tán láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ti kọ́ apá ọ̀tún tán, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìlẹ̀kùn kẹta; ó ní awò tó ń mú nǹkan tóbi ni wọn yóò fi kà á. Ẹni tó bá mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Malachy, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Batty, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà mi.

Mo ti dá èsì padà: kó ra ère èrò kékeré méjì, obìnrin kan tó da ìborùn dúdú bora àti ọmọbìnrin kan. Kó fi wọ́n sínú yàrá ìlẹ̀kùn kẹta, lórí ìjókòó pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Owó ọkọ̀ ìyá mi àti tèmi wà nínú àpòòwé: ogún pọ́n-ùn.