Ìbọn Fortunato àti Awò Òru Méjì: Ìhágún Hermelinda Longoria

Kí a tó dárúkọ ikú nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dárúkọ ìyè. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ọmọ-ọmọ mi Mireya, ọmọ Abundio, ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ìkórè ẹ̀pà ṣe. Ní oṣù Kẹta, Mireya bí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá ń fi ìka ka oṣù, kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà sanra, ó lẹ́wà, Fortunato ni wọ́n sì sọ ọ́, orúkọ ọkọ mi tó ti lọ. Ewúrẹ́ mi mẹ́rin náà bímọ, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kò pe àlùfáà.

Èmi, Hermelinda Arispe Longoria, opó Fortunato Longoria, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí mo ń gbé ní oko El Mezquital ní gúúsù Tẹ́sáàsì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ní àárọ̀ yìí mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn agolo ẹ̀wà, mo sì rí i pé iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí kí n tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ìjọ, lọ́dọ̀ Olùkọ́ Socorro. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ìwé kíkà mi wọ inú ọ̀ràn tó wà níwájú.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Evaristo ni àkọ́bí, Abundio tẹ̀lé e, Reynalda ni àbígbẹ̀yìn. Reynalda ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ, nítorí òun nìkan ni kò ní ìbọn.

Ìkíní. Mo há ilé tí mo ń gbé fún Reynalda, pẹ̀lú igi pekán mẹ́fà tó yí i ká, tí mo ń ta èso wọn, àti ìkòkò irin ńlá tí a fi ń se tamal, ẹ̀kọ àgbàdo tí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀ tí a sì fi háhá wé. Kí ó má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ìkòkò náà. Àbúrò ọkọ mi kan yá a ní ọdún 1981, ọdún mẹ́rin ló fi gbin òdòdó sínú rẹ̀.

Ìkejì. Mo há kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi, Obispo, fún Ofelia, ọmọ Evaristo, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Obispo ló ń lé ajáko kúrò lẹ́yìn ewúrẹ́, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọwọ́ Hilario ni mo ti rà á, ẹni tó fẹ́ fi mí ṣaya kí Fortunato tó dé. Hilario dín owó ẹran náà kù fún mi láìsọ ìdí. Ọdún méjì ni Fortunato kò fi bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yìí sọ̀rọ̀. Ofelia, bí o bá dàgbà, má ṣe fi èébú lé ẹni tó fẹ́ ọ. O lè fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ìkẹta. Mo há ilẹ̀ ẹ̀pà fún Evaristo àti Abundio, kí wọ́n jọ ni ín láìpín in. Bí ẹ bá fa ààlà sáàárín rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó kò ní mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín mọ ìwà wọn. Lóru ọjọ́ tí a bá gbin ẹ̀pà, wọ́n á tọ poro lọ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, hóró kan kò ní ṣẹ́kù. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣọ́ oko náà. Fortunato kò lè ṣọ́ ọ lóun nìkan, bẹ́ẹ̀ ó lágbára ju ẹ̀yin méjèèjì lọ.

Ìkẹrin. Mo há ìbọn Fortunato fún Abundio, pẹ̀lú awò ọ̀sán tó wà lórí rẹ̀, èyí tí a ń gba inú rẹ̀ wo ohun tí a fẹ́ yìnbọn sí. Àlàyé lórí èyí gùn. Kí Reynalda bu omi mu kó tó kà á.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Fortunato jókòó ti ìbọn yìí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ń tún ojú awò rẹ̀ ṣe kí ọta lè máa lọ síbi tí ojú ń wò. Ojú òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Síbẹ̀, ó yin ọta mẹ́ta lu ìdérí agolo ọ̀rá kan ní ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fara kan ara wọn. Ìdérí náà ṣì wà lára ìṣó nínú ilé ìdáná mi. Láti ọjọ́ náà ni Abundio ti ń sọ pé ojú bàbá òun ló wà nínú awò náà, àti pé ẹni tó bá tú u ti yọ ojú òkú.

Nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó wá fẹ́ pọ̀ ju ẹ̀pà lọ, àwọn ọmọ mi méjèèjì pinnu láti ra awò òru, irú èyí tó ń rí ooru ara nínú òkùnkùn biribiri, tí ẹran á máa funfun nínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú àwo dúdú. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Evaristo ra awò adádúró. Ìbọn méjì ló ní. Ó tú awò ọ̀sán kúrò lórí ọ̀kan, ó gbé tuntun jókòó síbẹ̀, ó sì tún ojú ìbọn náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Abundio ra awò àsomọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a so ó mọ́ iwájú awò ọ̀sán bàbá rẹ̀; bí ilẹ̀ bá mọ́, a yọ ọ́, ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe kò sì yí padà.

Mo gbọ́ àríyànjiyàn yìí lórí oúnjẹ títí tí èmi náà fi lè fi kọ́ kíláàsì. Evaristo á ní, “Àbúrò, nǹkan tó o so mọ́ iwájú ìbọn yẹn wúwo bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Inú awò kan lo ti ń wo inú awò mìíràn, bí ẹni ń yọjú wo ilé ara rẹ̀ láti fèrèsé aládùúgbò. Fa ẹran náà súnmọ́ ọ díẹ̀ báyìí, àwòrán ẹ̀ á fọ́ di bíríkì-bíríkì.” Abundio á ní, “Tiyín náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Tílẹ̀ bá mọ́, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe? Bí bátìrì bá kú, ẹ ti fọ́jú nìyẹn. Tèmi bá kú, mo yọ ọ́ sọ nù, Papá ṣì ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀.”

Nígbà náà, a ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, Abundio rí ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá nínú oko, wọ́n tò bí ẹni ń dúró gba oúnjẹ. Ó yìnbọn. Ọta gba orí gbogbo wọn kọjá, ó lọ dá ihò sí táńkì omi tó wà lórí ẹsẹ̀ irin. Lọ́jọ́ kejì Evaristo dé, ó gbé ojú sókè wo ihò náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní, “Àbúrò, ṣé táńkì náà ń jẹ ẹ̀pà ni?” Abundio kò rẹ́rìn-ín. Ó ra táńkì tuntun, kò gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kejìlá, ó kan Evaristo. Ofelia ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń jẹ́ Condesa, èyí tó fẹ́ mú lọ síbi ìdíje ẹran ọ̀sìn àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ń fi ọṣẹ irun wẹ̀ ẹ́, ó sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ọ bí a ti ń rìn níwájú adájọ́. Condesa já ilẹ̀kùn ọgbà lóru ọjọ́ kan, ó lọ ṣa ẹ̀pà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkórè. Awò tó ń rí ooru kò mọ ẹlẹ́dẹ̀ tó wẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò wẹ̀. Ọta kan ṣoṣo ni Evaristo yìn, kò sì tàsé. Abundio sọ fún un lójú gbogbo ilé pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, awò yín mọ́ kedere. Ṣé ẹ gbọ́ òórùn ọṣẹ ẹ̀ náà láti ibẹ̀ ni?” Tamal Kérésìmesì pọ̀ lọ́dún náà. Ẹ̀wà ni Ofelia jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ìyá méjì yìí kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Níbi ìgbéyàwó Mireya, ọ̀kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èkejì jókòó ti kéèkì, èmi arúgbó ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ títí bàtà mi fi ya. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún.

Ìkarùn-ún. Ohun tí Reynalda fẹ́ kà báyìí, èmi àti Evaristo nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà láàárín wọn, ọ̀kan á wa ọkọ̀, èkejì á mú ìbọn, olúkúlùkù sì mọ ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dópin, kálukú ń lọ sóko nígbà tó bá wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Evaristo rí ohun funfun kan tó ká jọ sẹ́bàá koríko. Ìka rẹ̀ ti wà níbi tí ìka í wà kí ìbọn tó dún. Ohun náà dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó na ẹ̀yìn, bí Abundio ti máa ń na ẹ̀yìn láti kékeré.

Evaristo wá jókòó sí ilé ìdáná mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbé kọfí fún un. “Màmá, ó funfun bí ẹlẹ́dẹ̀.” Ohun tó ń tún sọ nìyẹn. “Ó funfun bí ẹlẹ́dẹ̀, Màmá.”

Abundio, o kò mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi jáde lóru láti ìgbà náà, tí ìwọ ń pè é ní ọ̀lẹ.

Nítorí náà, mo pàṣẹ pé kí a má ṣe dúró de ikú mi. Kí Reynalda ka ìwé yìí sókè ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn Máàsì, nígbà tí gbogbo wa bá jókòó yí tábìlì ká, kí a tó gbin hóró ẹ̀pà kan. Ọ̀pọ̀ òkú ni kò gbọ́ ariwo tí ìwé wọn dá sílẹ̀. Èmi fẹ́ gbọ́ tèmi.

Ìkẹfà. Ìdájọ́ mi lórí awò nìyí, kò sì sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ní ìbọn kan ṣoṣo, tó ń lò ó lọ́sàn-án àti lóru, kí ó lo awò àsomọ́. Abundio nìyẹn. Ẹni tó ní ìbọn méjì, kí ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún òru, kí ó gbé awò adádúró lé e. Evaristo nìyẹn. Ohun tí ẹ fi ọdún kan jà lé lórí kò ju iye ìbọn tó wà lọ́wọ́ kálukú lọ. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́n, ẹ̀yin méjèèjì sì ya òmùgọ̀.

Mo sì fi òfin kan kún un. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa wọ oko lóru, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Reynalda ni kọ́kọ́rọ́ géètì oko yóò máa wà. Ẹni tó bá dé òun nìkan, kí ó fún un ní kọfí, kí ó ní kó padà sílé lọ sùn.

Ìkeje. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tèmi lo oṣù mẹ́fà.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti mọ̀wé kà dáadáa, kò sí ohun tó ní lẹ́tà lára nílé yìí tí n kò kà. Mo ka àpò ìyẹ̀fun. Mo ka ẹ̀yìn aago. Abundio fi ìbọn bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, mo sì ń nu eruku ara rẹ̀. Mo rí kókó kékeré kan lórí awò náà, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ọfà. Mo kà á. Ohun tó wí ni pé “sókè”. Inú mi dùn pé mo lè kà á, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo yí kókó náà. Ó ń dún tín-tín-tín bí aago ọwọ́. Ohùn rẹ̀ dùn. Mo yí i títí ó fi kọ̀. N kò rí ohun kankan tó lọ sókè, mo dé e padà, mo lọ se ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kejì ni ọta lọ sókè.

Abundio ọmọ mi, láti oṣù Kẹwàá ni o ti ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kí o lè ba orí rẹ̀, tí o sì ń búra pé ojú bàbá rẹ kò yí. Ìka mi lo ń gbèjà. Awò àsomọ́ rẹ kò ṣẹ̀. Evaristo, kì í ṣe àbúrò rẹ ló yìnbọn fún táńkì. Ìyá rẹ ni, láti ilé ìdáná.

Ojú Fortunato kò sí nínú awò náà mọ́. Mo ti sunkún lórí rẹ̀, mo ti dákẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, kí Abundio gbé ìbọn náà jáde sínú oòrùn, kí Evaristo dúró tì í, kí ó máa sọ ibi tí ọta bà fún un, kí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe títí ihò mẹ́ta yóò fi fara kan ara wọn. Mo ti fọ ìdérí agolo ọ̀rá tuntun kan sílẹ̀, mo sì ti kan ìṣó kejì mọ́ ògiri, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí ìbọn náà bá di ti Fortunato kékeré, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò bá nínú awò rẹ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo buwọ́ lù ú. Ẹ wò ó dáadáa; ẹni tó kọ orúkọ yìí ti fi ìka tẹ ìwé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.

Hermelinda Arispe Longoria
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, ọdún 2024

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo buwọ́ lù ú:
Socorro Benavidez, olùkọ́ mi, tó ní àṣìṣe mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀
Tiburcio Saldaña, aládùúgbò mi, tó rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ

Abundio, mo fi àpòòwé kan há sínú ìwé yìí fún ọ. Owó pekán mi ni. Ti táńkì omi ni, má sì ṣe dá a padà: dọ́là 385.