Iná Tó Ń Dún Bí Àkàrà Nínú Epo

Bàbá mi àtàtà,

Ó yọ! Bàbá, ó yọ!

Nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn tó gbé yín lọ, ẹ máa ń béèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an ní Ìkẹjà, mi ò sì rójú ṣàlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irin oríṣi márùn-ún la máa ń lọ̀ kúnná, ìwọ̀n kan náà ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó pò wọ́n mọ́ èédú, a ó wá fi iná plásímà yọ́ wọn pọ̀ di séráámíìkì, ìran kan náà pẹ̀lú táìlì ilẹ̀ ilé wa, àmọ́ ó le ju irin lọ. Ẹbí iná wẹ́dà yín ni plásímà, òun ló kàn gbóná jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ti ṣe é tí irin márààrún kọ̀ láti para pọ̀. Ìyẹ̀fun irin tó kù ò lè ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀gá wa sì ti pinnu pé tó bá tún bàjẹ́, a ó pa iṣẹ́ náà tì. Mo tanná. Gbogbo ohun tó hàn lójú ẹ̀rọ ló dáa, ṣùgbọ́n ohùn iná náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé ẹ rántí irin àlòkù tí ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣáná sí, tí ẹ ó dijú, tí ẹ ó dẹtí? Bí kò bá tíì dún bí àkàrà nínú epo, ẹ kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà. Mo yáa pa ẹ̀rọ náà kí ìyẹ̀fun tó wọlé. Rọ́bà tó ń gbé gáàsì lọ síbi iná ló ti là! A pààrọ̀ rẹ̀, mo tún tanná, àkàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ohun tó yọ kò ju ìdérí ìgò lọ, ó dúdú, ó ń dán, irin márààrún ti di ọ̀kan, kò sí ààlà kankan láàárín wọn.

Ọ̀gá wa bi mí níwájú gbogbo èèyàn, ta ló kọ́ mi láti máa fetí sí iná. Bàbá, ọkàn mi lọ sọ́jọ́ tí ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi ní sùkúù, tí iná ti jẹ ṣòkòtò yín, tí ojú yín pọ́n, tí mo sì pè yín ní aládùúgbò wa lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí rí? Ó ṣì ń dùn mí.

Mo dìde dúró, mo dárúkọ yín lódindi, mo dárúkọ iṣẹ́ yín, mo sì júwe ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ní Agége fún wọn. Ohùn mi lọ sókè dáadáa. Ṣé ẹ gbọ́ ìyẹn náà?

Èmi tó fẹ́ràn yín ni,
ọmọ wẹ́dà.